PÁKÓ TÓ TẸ̀ Ń KÌLỌ̀ NI O! Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ilé-ìwé ń fi sípíríǹgì, ìgbálẹ̀ àti fóòmù kọ́, tó kan ìyá ọlọ́jà, kápíńtà àti bíríkìlà

Bí ẹnì kan bá lọ bá ìyá ẹlẹ́ja ní ìsọ̀ rẹ̀, tó ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín ń kọ́ ní SS 2 ló wà nínú òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ẹja yìí o," àfàìmọ̀ kí ìyá má rò pé onítọ̀hún fẹ́ fi àwàdà ra ẹja àwìn ni. Bí ẹni náà bá tún kọjá sọ́dọ̀ bíríkìlà tó ń to rọ́ọ̀dù, tó ní ègé fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí ọmọdé fi bírò fa ìlà sí lára lè fi ibi tó yẹ kí irin bákónì wà hàn án, ó ṣeé ṣe kí bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì lé e. Òótọ́ pọ́ńbélé sì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ físíìsì ni ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ẹ̀kọ́ àwọn olórí pípé ni, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ láti fi wọ yunifásítì, tí kò kan ẹni tó ń ta gàrí tàbí ẹni tó ń fi ayùn la pákó. Àmọ́ bí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ẹrù kọ́ nǹkan, tó fi rúlà wọn bí nǹkan náà ṣe nà tàbí bó ṣe tẹ̀, ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni ohun tó mú kí òrùlé dúró, tó mú kí òṣùwọ̀n sọ òtítọ́, òun náà ló sì ń sọ ìgbà tí ilé fẹ́ wó. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

IPÁ ÀTI GÍGAN

Ọ̀rọ̀ méjì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Èkíní ni ipá. Ipá ni títì, fífà àti títẹ̀ tí nǹkan kan ń ṣe sí òmíràn. Bí aláàárù bá ru àpò gàrí, àpò náà ń fi ipá tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, ewúrẹ́ ń fi ipá fa okùn. Newton ni orúkọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ipá, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀mọ̀wé Isaac Newton sọ ọ́. Ẹrù kílò kan ń fi bíi Newton mẹ́wàá tẹ ohun tó gbé e.

Èkejì ni gígan. Ohun tó gan ni ohun tí a fi ipá tẹ̀, tí kò fẹ́ yẹ̀. Irin gan, róbà rọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà rèé: wọ́n rò pé ohun tó bá ti gan náà ló lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Dígí gan tó alumíníọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ọmọdé tó ju òkúta sí dígí mọ ohun tójú òun rí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Okùn ọ̀rá rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òun ni wọ́n sì fi ń di ẹrù mọ́ orí ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Kánò. Gígan ni bí nǹkan ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀. Agbára ni iye ẹrù tó lè gbà kó tó já tàbí kó tó ṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ti jẹ ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

SÍPÍRÍǸGÌ TÓ GBỌ́RÀN

Ìdánwò àfọwọ́ṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti sípíríǹgì. Wọ́n á so sípíríǹgì kọ́ sára irin tó dúró lórí tábìlì, wọ́n á gbé rúlà gígùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á wo ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé. Ká ní ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ọmọ á wá so gíráàmù 100 kọ́ ọ, yóò sì rí i pé ó sọ̀ kalẹ̀ dé 12. Ó so gíráàmù 200, ó dé 14. Ó so 300, ó dé 16. Níbi tí wọ́n bá ti so 500, ó ti dé 20. Ẹ ò rí i pé sẹ̀ǹtímítà méjì méjì ló ń nà fún gíráàmù 100 kọ̀ọ̀kan? Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, nínà náà á di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá kó ẹrù kúrò, sípíríǹgì á padà sí 10, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Sípíríǹgì tó gan ju ìyẹn lọ lè máa na ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré fún gíráàmù 100 kan náà. Iye ipá tó ń ná wa láti na nǹkan ní ìwọ̀n kan, òun gan-an ni wọ́n ń pè ní gígan. Kò ní idán nínú.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í dáwọ́ dúró síbẹ̀. Yóò mú ògbólógbòó sípíríǹgì kan tí wọn ò nílò mọ́, yóò ní kí àwọn ọmọ máa fi ẹrù kún un. Lójijì, nínà rẹ̀ ò ní dọ́gba mọ́. Dípò méjì, ó na mẹ́ta, ó na márùn-ún. Nígbà tí wọ́n bá sì kó gbogbo ẹrù kúrò, sípíríǹgì ò ní padà sílé mọ́. Ó lè dúró sí 15. Kò já, kò sì ṣẹ́. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá rí i, á ní ó ṣì pé. Bẹ́ẹ̀ ó ti kọjá ààlà rẹ̀, ó ti bàjẹ́. Ọmọ tó bá fojú rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀ láyé.

Róbà ní tirẹ̀ kì í gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá mú róbà tí àwọn télọ̀ ń kì bọ ìbàdí ṣòkòtò, tó so ẹrù kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, yóò rí i pé nínà rẹ̀ kò dọ́gba. Ó lè máa nà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín, bó bá wá fẹ́ parí, á gan pá. Bí wọ́n bá fi ẹrù sára rẹ̀ mọ́jú, wọ́n á bá a lówùúrọ̀ pé ó ti gùn sí i. Ìdí nìyẹn tí ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé fi máa ń bọ́ sílẹ̀ bó bá ti wọ̀ ọ́ pẹ́.

ỌKÙNRIN TÓ FI ÒTÍTỌ́ PAMỌ́ BÍ ÀROKÒ

Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Hooke ló kọ́kọ́ kọ òfin sípíríǹgì yìí sílẹ̀. Ọdún 1635 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1703. Ọkùnrin yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí ọgbọ́n òun. Nígbà tó rí òfin náà, kò sọ ọ́ jáde tààrà. Ní 1676, ó to lẹ́tà 14 kalẹ̀ ní játijàti nínú ìwé, bíi kí ènìyàn fi àrokò ránṣẹ́ sáyé, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i tú. Ọdún 1678 ló tó tú u fúnra rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: bí ó bá ti nà tó, bẹ́ẹ̀ ni ipá rẹ̀ tó.

Ohun tó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́ nípa ọkùnrin yìí ni pé kì í ṣe onímọ̀ orí ìwé lásán. Nígbà tí iná ńlá jó ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1666, Hooke wà lára àwọn tó wọn ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n sì bójú tó títún ìlú náà kọ́. Òun tó so ẹrù kọ́ sípíríǹgì, òun náà ló ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́lé sí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà oníwòsàn kan, Thomas Young, kọ̀wé ní 1807 lórí bí a ṣe lè fi gígan irin wé gígan igi, láìka bí wọ́n ṣe tóbi tó sí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pe ìwọ̀n náà títí dòní. Bí a bá fi ìwọ̀n yẹn wò ó, irin gan tó bíi ìlọ́po mẹ́ta alumíníọ́ọ̀mù, ó sì gan tó bíi ìlọ́po 20 igi tí àwọn kápíńtà ń lò. Nítorí náà, bí wẹ́dà kan bá fi páìpù alumíníọ́ọ̀mù rọ́pò ti irin, tí méjèèjì nípọn bákan náà, ti alumíníọ́ọ̀mù yóò tẹ̀ tó bíi ẹ̀ẹ̀mẹta ti irin lábẹ́ ẹrù kan náà.

Àwọn alágbẹ̀dẹ náà ní tiwọn gbọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi àdá síná tó pọ́n, tí wọ́n rì í bọ omi, àdá á le, ẹnu rẹ̀ á mú, kò sì ní tètè kú. Àmọ́ gígan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Iná àti omi ń fún un ní agbára àti líle. Gígan, inú irin fúnra rẹ̀ ló wà.

ÒṢÙWỌ̀N ÌYÁ ẸLẸ́JA

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé kọ́, tó ní ojú roboto bí aago, sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀. Nítorí pé sípíríǹgì ń nà dọ́gbadọ́gba ni wọ́n ṣe lè fa ìlà kílò sí ojú rẹ̀ ní àlàfo tó bára mu. Bí sípíríǹgì náà bá ti kọjá ààlà, irọ́ ni ojú òṣùwọ̀n á máa pa, ìyá ọlọ́jà sì lè má mọ̀.

Ọmọ tó bá ti ṣe ìdánwò sípíríǹgì nílé-ìwé lè yẹ òṣùwọ̀n ìyá rẹ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó kọ́kọ́ wò ó pé ọwọ́ rẹ̀ wà lórí òdo kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lé e. Lẹ́yìn náà, kó mú omi inú ọ̀rá tí gbogbo ayé ń pè ní píọ̀-wọ́tà. 50cl ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára, ìyẹn ìdajì kílò omi. Méjì á sún mọ́ kílò kan, mẹ́rin á sún mọ́ kílò méjì, mẹ́fà á sún mọ́ mẹ́ta. Bí ọwọ́ òṣùwọ̀n bá ń fo dọ́gba, tó sì padà sí òdo nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ìyá máa tajà rẹ̀ lọ. Bí kò bá dọ́gba, tàbí tí kò padà sílé, kó gbé e lọ fún ẹni tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe, kí onítọ̀hún fi ìwọ̀n tó péye yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ òdo yẹn o. Bí ọwọ́ òṣùwọ̀n bá ti wà lórí gíráàmù 200 kí wọ́n tó gbé ẹja lé e, gbogbo oníbàárà tó bá ti wọn ẹja níbẹ̀ ti pàdánù gíráàmù 200. Oníbàárà mẹ́wàá, kílò méjì ẹja ti lọ, orúkọ ìyá sì ti bàjẹ́ lọ́jà. Bí ọwọ́ náà bá sì wà lẹ́yìn òdo, ìyá fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹja tọrẹ. Ohun tó sì máa ń ba òṣùwọ̀n jẹ́ kò jìnnà: wọ́n kọ kílò 20 sí ojú rẹ̀, ẹnì kan wá gbé páálí kílò 30 kọ́ ọ. Sípíríǹgì gbé e lóòótọ́, kò já, ṣùgbọ́n ó lè má padà sílé mọ́.

PÁKÓ TÓ DÙBÚLẸ̀, PÁKÓ TÓ NÀRÓ

Kò sí kápíńtà tí kò mọ̀ pé a kì í dá pákó òrùlé dùbúlẹ̀. Etí rẹ̀ ni a ń gbé e nà ró lé. Ọ̀gá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ọ̀gá náà ló sì kọ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé báwo ni ìnàró fi gan ju ìdùbúlẹ̀ lọ tó, ó lè ní, "Ó kàn ju ú lọ ni." Ìdánwò ọmọ ilé-ìwé ló ń sọ iye rẹ̀.

Pákó 2 by 4 tí wọ́n gbé nà ró gan tó ìlọ́po mẹ́rin ti ìdùbúlẹ̀. 2 by 6 gan tó ìlọ́po mẹ́sàn-án! Igi kan náà ni, owó kan náà ni wọ́n fi rà á. Bí wọ́n ṣe gbé e lélẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ọmọ ò nílò pákó ńlá láti rí èyí. Rúlà rẹ̀ tó fi ń fa ìlà tó. Kó gbé e lé àárín ìwé méjì, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, á tẹ̀ bí ewé. Kó wá gbé e dúró lórí etí rẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́. Ìka ni yóò dùn ún.

Ìdánwò kejì ni ti gígùn. Kí wọ́n mú rúlà onígi gígùn, kí wọ́n di orí kan mú gírígírí sétí tábìlì, kí orí kejì nà síta ní sẹ̀ǹtímítà 40. Wọ́n so ẹrù kékeré kan kọ́ ọ, ká ní ó tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Bí wọ́n bá wá fà á síta di 80, tí wọ́n so ẹrù kan náà kọ́ ọ, èèló ni yóò tẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní méjì. Bíi mẹ́jọ ni! Gígùn di ìlọ́po méjì, títẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún nínípọn: bí pákó bá nípọn ní ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ẹ wo ohun tí èyí ń sọ fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Bí onílé bá ní òun fẹ́ kí pálọ̀ fẹ̀ sí i, pé kí wọ́n yọ òpó àárín kúrò, tí ó sì ní kí bíímù wà bó ṣe wà, ohun tó ń béèrè ju ohun tó rò lọ. Kì í ṣe àfojúdi ni ẹnjiníà ń ṣe tó bá ní bíímù gbọ́dọ̀ jìn sí i.

ÌGBÁLẸ̀ KAN ṢOṢO

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ìtàn ìgbálẹ̀: ẹyọ kan á ṣẹ́, ọwọ̀ tó dì kò ṣeé ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ní ẹ̀kọ́ mìíràn nínú. Kí ọmọ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ gígùn kan, kó gbé ìdí rẹ̀ sórí tábìlì, kó fi ìka tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò ní fọ́, kò ní rún. Ńṣe ni yóò kàn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọrun ọdẹ. Kó wá gé e sí méjì, kó tún tẹ ìdajì rẹ̀. Ipá tí yóò lò kí ó tó yẹ̀ á tó ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ òpó tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Àwọn igi àti ọparun tí wọ́n fi ń gbé dẹ́kíìnì dúró kí kọnkéré tó gan, bí ìgbálẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n rí. Wọn kì í sábà fọ́. Yíyẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀, dẹ́kíìnì á sì dà wó lé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bí bíríkìlà bá fi igi ìdábùú kan wọn mọ́ ara wọn ní àárín méjì, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó kàn án dáadáa, ńṣe ló dà bí ìgbà tó gé òpó kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ẹrù tí òpó lè gbà kó tó yẹ̀ lè fò sókè tó ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣó díẹ̀ àti igi ìdábùú ló ná an. Ìṣó yẹn náà ni àwọn kan sì ń ṣọ́!

FÓÒMÙ TÓ MỌ IBI TÍ IRIN WÀ

Ẹ mú ègé fóòmù tó gùn bí apá. Ẹ fi bírò fa ìlà òòró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àlàfo wọn dọ́gba láti orí dé ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù méjì bí afárá, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀. Ẹ wo àwọn ìlà náà dáadáa. Lókè, wọ́n sún mọ́ ara wọn: ibẹ̀ ń fún pọ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n jìnnà síra wọn: ibẹ̀ ń fà. Ní àárín gbùngbùn, wọn ò yí padà.

Kọnkéré fẹ́ràn kí wọ́n fún un pọ̀, ó sì kórìíra kí wọ́n fà á. Ipá fífà tí yóò là á kò ju bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí yóò fi fún un pọ̀ fọ́ lọ. Irin ló fẹ́ràn fífà. Nítorí náà, nínú bíímù tó wà láàárín òpó méjì, níbi tí ìlà fóòmù ti jìnnà síra wọn, ìyẹn nísàlẹ̀, níbẹ̀ ni irin tó lágbára jù gbọ́dọ̀ wà.

Ó tán bí? Kò tán. Ẹ wá gbé fóòmù kan náà sétí tábìlì, kí ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú gírí, kí orí rẹ̀ yọ síta bíi bákónì. Ẹ tẹ orí tó yọ yẹn mọ́lẹ̀. Háà! Òkè ni ìlà ti ń jìnnà síra wọn báyìí, ìsàlẹ̀ ló ń fún pọ̀. Ìyẹn ni pé irin bákónì, òkè ló yẹ kó wà. Bíríkìlà tó bá to irin bákónì sísàlẹ̀ bíi ti yàrá, tàbí tó to ó sókè tí àwọn lébìrà wá ń rìn lé e lórí títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ rì kí wọ́n tó da kọnkéré, ti fi irin sí ibi tí kò ti wúlò. Owó irin ti lọ, ewu sì wà níbẹ̀. Fóòmù kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà o. Yíyàwòrán àti ìṣirò, iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó bá ti rí fóòmù yìí kò ní bá ẹnjiníà jà mọ́ lórí irin òkè.

Ọ̀rọ̀ nínípọn irin ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kí onílé ra rọ́ọ̀dù 12, tó lọ ra 10 nítorí owó, tàbí tí wọ́n ta 10 fún un ní orúkọ 12, ó lè ní mílímítà méjì péré ni. Ṣùgbọ́n ojú irin tó ń fà ni a ń kà. Ẹ sọ 12 di ìlọ́po ara rẹ̀, ó jẹ́ 144. Ẹ sọ 10 di ìlọ́po ara rẹ̀, ó jẹ́ 100. Nínú irin 144, 44 ti fò lọ! Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní ọgbọ̀n tó ti dín.

ILÉ Ò KÀN Ń WÓ LÁSÁN

Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé-ìwé àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fáàjì, ní Erékùṣù Èkó. Ènìyàn bí ogún ló bá a lọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí, wó lulẹ̀. Ó lé ní ogójì ènìyàn tó kú níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ sì wà lára wọn, àwọn tó jáde nílé láàárọ̀ láti lọ wá oúnjẹ òòjọ́.

Nígbà tí ilé bá wó, àwọn kan á ní ayé ló ṣe é, àwọn mìíràn á ní kádàrá ni. Ìdí tó ń wó ilé pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo: kọnkéré tí kò lágbára, irin tó kéré, ilẹ̀ tó rọ̀ nísàlẹ̀, ilé alájà méjì tí wọ́n fi àjà kẹta kún. Àmọ́ ibì kan náà ni gbogbo wọn ń já sí: ipá pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi gbé e lọ. Bí sípíríǹgì orí tábìlì ṣe kọjá ààlà rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ohun tó dùn mọ́ni nínú rẹ̀ ni pé ilé tí wọ́n fi irin sí dáadáa sábà máa ń kìlọ̀. Irin á kọ́kọ́ nà kó tó já. Bíímù á tẹ̀, ògiri á là, ilẹ̀kùn tó ń ṣí wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àsìkò yẹn ni ẹsẹ̀ wà fún sísá. Kọnkéré tí kò ní irin tó péye ni kì í kìlọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ṣẹ́ bí dígí. Ẹni tó bá rí i pé bíímù ilé rẹ̀ ń tẹ̀ sí i lóṣooṣù, kó má pe apẹ̀dà láti wá fi ọ̀dà bo ibi tó là. Kó kó ọmọ jáde, kó pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé.

ẸNU LÁSÁN Ò KỌ́ ỌMỌ

WAEC máa ń ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe nínú físíìsì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ka òfin Hooke sórí bí àkọ́sórí ilé kéú, tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan sípíríǹgì rí àfi nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pè é lẹ́nu, kò sì ní mọ̀ ọ́n bó bá rí i lórí òrùlé. Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba sípíríǹgì kan jẹ́ mọ ohun tí "ààlà" túmọ̀ sí.

Owó kọ́ ni ìṣòro gbogbo rẹ̀. Rúlà, ẹyọ ìgbálẹ̀, fóòmù àlòkù, róbà ṣòkòtò àti omi inú ọ̀rá, kò sí ilé tí wọn ò sí. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá dé láti ọjà, tí ẹ bá ọmọ tó so omi inú ọ̀rá mẹ́ta mọ́ orí rúlà, ẹ rọra o! Ẹ má tíì na ọwọ́ sí pankẹ́rẹ́. Ẹ bi í pé, "Ó tẹ̀ tó èèló?" Bó bá lè dá yín lóhùn, tó sì ní ìwé tó kọ ọ́ sí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí kò bá kọ ọ́ síbì kankan, eré ni. Ẹ fún un ní bírò.

Ẹ̀yin ọ̀gá kápíńtà, wẹ́dà àti bíríkìlà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa yà sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Sátidé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ọ̀gá mọ igi tó dára láti ọwọ́ bó ṣe tẹ̀ ẹ́ wò, ó mọ ìró rẹ̀ bó bá kàn án. Ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn títẹ̀ náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè lò ó. Bí wọ́n bá jọ dúró ti pákó kan náà, kí ọ̀gá sọ bó ṣe rò pé yóò tẹ̀ tó, kí ọmọ wọ̀n ọ́n. Bí iye méjèèjì bá bára mu, ó dáa. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ má tíì gbé pákó yẹn lọ sórí òrùlé ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀.